Orúkọ Tí Mo Rán Kí Ọmọ Tó Gbọ́ Ọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ ń wo ìwé ẹ̀rí yín lójoojúmọ́ bí ẹni pé yóò la ẹnu, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí. Mo kọ́ ìṣirò owó ní pólì, mo jáde, mo sì padà sílé àwọn òbí mi ní Ifo pẹ̀lú àpótí kan àti ẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rù náà, nítorí oríṣiríṣi ni ẹ̀rù. Kì í ṣe ẹ̀rù ebi, oúnjẹ wà nílé. Ẹ̀rù mi ni pé bí ẹnìkan bá béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé, "Kí ni Abọ́sẹ̀dé ń ṣe báyìí?" ìyá mi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń sá fún.

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni fífi òwú kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀lù ọmọ tuntun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ, tí orúkọ rẹ̀ hàn gàdàgbà lára rẹ̀, ẹnìkan ló kọ ọ́. Ẹni náà sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ọmọ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ẹ rò ó wò. Gbogbo ẹbí ń méfò, ọmọ ń sùn, èmi nìkan pẹ̀lú bàbá rẹ̀ la mọ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí, ara mi máa ń yá gágá bí ẹni tó fẹ́ sáré.

N kò ní fa ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ríṣẹ́ náà gùn. Ìyá mi ní kí n lọ bá Àlàájà Rísìkátù, kí n máa fi ọwọ́ ṣe nǹkan nígbà tí mò ń retí kí ọ́fíìsì kan pè mí. Ọ́fíìsì kan pè lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ ti mú mi. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó sì rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ni Àlàájà tẹ́lẹ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù nítòsí ojú irin ní Ifo. Ó sanra, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ohun tó bá ń wò. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí i, kò tíì ní kí n dìde tó ti bi mí léèrè.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Abọ́sẹ̀dé, Mà."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ẹni tó bá ọ̀sẹ̀ dé, Mà."

"Ìtumọ̀ nìyẹn. Ìtàn rẹ̀ ńkọ́?"

Ojú tì mí, kì í ṣe torí pé n kò mọ̀ ọ́n nìkan, bí kò ṣe pé n kò tiẹ̀ rò ó rí pé ohun kan wà tó yẹ kí n mọ̀.

"Lọ béèrè," ó ní. "Bí o bá mọ̀ ọ́n, kí o padà wá."

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo béèrè. Ó gbé àtẹ náà kalẹ̀. Ó ní ọjọ́ Àìkú ni, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni òun wà, wọ́n ń dúpẹ́ ìkórè, òun rò pé ebi ló ń ta òun nínú. Bàbá mi ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé kó yé yí kiri lórí bẹ́ǹṣì. Wọn kò tíì kọrin ìkórè tán tí wọ́n fi gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi fẹ́ sọ mí ní Abíọ́nà, ó ní nígbà tí kì í ṣe ilé, ọ̀nà ni. Ìyá bàbá mi fárí gá. Ó ní, "Ilé Ọlọ́run ló ń pè lọ́nà? Ọmọ yìí bá ọ̀sẹ̀ wá, ọ̀sẹ̀ ni yóò máa jẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ orúkọ yẹn sórí ìwé ìdánwò, n kò mọ̀ pé ìjà kékeré kan wà nínú rẹ̀, àti orin ìkórè, àti ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá kan fún mi nínú ilé tí mo rò pé mo ti mọ̀ tán. Lọ́jọ́ kejì, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù kí Àlàájà tó dé.

Fún ìgbà pípẹ́, kò fún mi ní abẹ́rẹ́. Etí ló ní kí n lò. Àwọn oníbàárà máa ń wọlé, wọ́n á tẹ̀ mọ́ Àlàájà létí, wọ́n á sọ orúkọ náà bí ẹni ń jẹ́wọ́. Òfin àkọ́kọ́ ni pé orúkọ kì í ti ṣọ́ọ̀bù jáde kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Aṣọ funfun la fi ń bo ṣọ́ọ̀lù lórí férémù onígi; lẹ́tà tí abẹ́rẹ́ bá wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń hàn. Ọmọṣẹ́ kan, Tọ́lá, sọ orúkọ kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Kó tó di ọjọ́ ìkómọ, ìyá ìyàwó ti gbọ́, ó sì bínú pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ òun. Àlàájà kò pariwo. Ó ní kí Tọ́lá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Tọ́lá sunkún, a bá a bẹ̀bẹ̀, Àlàájà ní, "Òwú tó bá já, mo lè so ó. Ẹnu tó bá já ńkọ́?"

Òfin kejì ni mo fẹ́ràn jù: kí o tó fi òwú sí abẹ́rẹ́, béèrè bí ọmọ ṣe wá. Àwọn ọmọ kan gbé orúkọ wọn wá láti ọ̀run. Èyí tó fẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Èyí tó dojú bolẹ̀, Àjàyí. Bí ìwọ́ bá wé mọ́ ọn lọ́rùn, ọkùnrin ni Òjó, obìnrin ni Àìná. Bí irun rẹ̀ bá ta kókó, Dàda. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ ilé ni yóò sọ ọ́: ilé ọdẹ, ilé ọba, ilé alágbẹ̀dẹ. Bàbá kan wá lọ́jọ́ kan, Ògúndélé ni wọ́n ń jẹ́ nílé wọn, ó ní kí a kọ Olúdélé.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wa ò fẹ́ Ògún, Mà."

"Mi ò bá ẹ jà," Àlàájà ní. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, sọ fún ọmọ náà pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá ńlá rẹ̀. Kó má baà rò pé inú afẹ́fẹ́ lẹ ti já bọ́."

Mo bi òun náà léèrè. "Rísìkátù ńkọ́, Mà?"

"Arísìkí ni. Ọlọ́run ní kí oúnjẹ má wọ́n mi." Ó na apá rẹ̀ méjèèjì. "Wò mí. Ṣé ó jọ pé ó wọ́n?"

Ìbéèrè náà kì í fìgbà gbogbo mú ẹ̀rín wá o. Obìnrin kan wọlé, ó ní kí a kọ Ìdòwú. Mo yọ̀, nítorí mo ti mọ̀ ọ́n: ọmọ tó bá tẹ̀ lé ìbejì. Ayọ̀ náà ló ṣí mi lẹ́nu. Mo ní, "Àwọn ìbejì ńkọ́, Mà? Ẹ kò mú wọn dání?" Obìnrin náà wo ilẹ̀. Kò sí ìbejì mọ́. Ó fẹ́ kí ọmọ tuntun yìí máa jẹ́ Ìdòwú kí àwọn èèyàn lè máa rántí pé àwọn méjì kan ti wá ṣáájú rẹ̀. Àlàájà dìde, ó jókòó tì í, ó sì ní kó sọ bí wọ́n ṣe rí fún òun. Wọ́n pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì náà. Lẹ́yìn tí obìnrin yẹn lọ, mo ń retí ìbáwí. Ohun tí Àlàájà sọ ni pé, "Má dẹ́kun bíbéèrè. Ṣáà máa rọra béèrè." Ọmọ tó fẹ́ mọ̀wé á gbọ́ tíṣà ni wọ́n ń sọ, èmi gbọ́.

Mo kọ́ṣẹ́ tán, mo gbòmìnira, mo ṣe ìgbéyàwó, mo sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Ibafo. Ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ibafo nígbà yẹn ti ń kún fún àwọn tó ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá, àwọn télọ̀, àwọn bíríkìlà, àwọn tó ń gba yàrá kan, tí wọ́n sì ń bí àkọ́bí wọn síbẹ̀, jìnnà sí àwọn àgbà tí ì bá sọ fún wọn pé báyìí ni ilé wa ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n á wá bá mi. Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ilé wa, ọdẹ ni wá, kí la lè sọ ọ́?" Àbí ẹ rí nǹkan. Èmi tí n kò fẹ́ kí ìyá mi rẹ́rìn-ín ẹ̀sín, èmi ni wọ́n ń bá fi orúkọ lọ̀. Mo máa ń fò sókè nínú ara mi, n kò kàn jẹ́ kó hàn ni.

Nígbà tí mo kó wá sí Mowe, ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà dé. Mo kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀. Mo rò pé ó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ mi, mo sì sunkún díẹ̀ nílé, mo sọ fún ọkọ mi pé ekuru ló wọ̀ mí lójú. Àfi ìgbà tí mo rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́: o tẹ orúkọ sí i, abẹ́rẹ́ ń sáré, ọwọ́ rẹ ṣófo. Kí wá ni ènìyàn fẹ́ fi ọwọ́ tó ṣófo ṣe? Mo fi fa àga sún mọ́ oníbàárà, mo ní, "Ó yá, ẹ sọ fún mi, báwo lọmọ yìí ṣe wá?" N kò gbọ́ ìtàn tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń fọwọ́ rán. Orúkọ tuntun ń wọlé, àwọn kan gùn tó ẹsẹ̀ Bíbélì kan, ṣọ́ọ̀lù kò fẹ́ gbà wọ́n. Lórí wásáàpù làwọn ọ̀dọ́ ń fi wọ́n ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́, èmi á pè wọ́n. "Mummy, ẹ ṣáà kọ ọ́," ni wọ́n á wí. Màá ní, "N kò ní kọ ọ́ láìjẹ́ pé mo gbọ́."

Ọdún tí mo fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ mi obìnrin ni ọ̀ràn Múyìwá ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fa wáyà sínú ilé tuntun ní apá Isheri ni. Ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin. Babátúndé ló fi ránṣẹ́. Mo pè é.

"Múyìwá, bàbá ta ló lọ?"

"Bàbá mi ni, Mà. Ọdún tó kọjá. Ifo la sin wọ́n sí."

Mo kí i kú ara fẹ́ra kù, mo sì fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹ gbọ́ o. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bàbá àgbà rẹ̀ kú ni wọ́n ń pè ní Babátúndé: bàbá ti padà wá. Bí o bá sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà ṣì wà láàyè, bí ìgbà tí o bá gbẹ́ sàréè rẹ̀ lójú rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ, bàbá àgbàlagbà kan wọlé. Ó gbé àpò ìrẹsì kékeré léjìká, èèpo ìrẹsì ṣì lẹ̀ mọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ṣọ́ọ̀lù ọmọ Múyìwá ni mo wá gbà. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n yà bí mo bá ti ń bọ̀ láti Ọ̀fàdà."

"Ẹ káàsán, Sà. Ẹ̀yin ta ni ká pè yín?"

"Èmi ni bàbá Múyìwá."

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù òkú, nítorí òkú kì í ru ìrẹsì. Ẹ̀rù pé mo ti béèrè, wọ́n ti dá mi lóhùn, síbẹ̀ mo ti fi òwú wúrà kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu.

"Kò tíì gbẹ, Sà."

"Òwú ń gbẹ ni?"

Ó nawọ́ sí ohun tó wà lábẹ́ aṣọ funfun lórí tábìlì. "Èmi ni màá pe orúkọ náà lọ́la. Ṣé ohun tí mi ò rí ni n ó pè?"

Òótọ́ ló sọ. A kì í fi orúkọ pamọ́ fún ẹni tí yóò pè é. Mo ṣí aṣọ náà. Ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé òpin, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá, ṣé mo ti kú?"

"Rárá, Sà."

"Ẹ wò mí dáadáa."

"Ẹ wà láyé, Sà. Mo ń rí yín."

"Múyìwá ni ò rí mi nígbà náà."

Mo sọ fún un pé ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ fún mi ni pé Ifo ni wọ́n sin bàbá sí. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sin sí Ifo," ó ní. "Kò bímọ. Múyìwá ṣì kéré nígbà tí mo fà á lé e lọ́wọ́, kí ilé rẹ̀ má baà dákẹ́. Mo fún un lọ́mọ o, Ìyá. Mi ò fún un ní ipò mi."

Mo pe Múyìwá, mo sì ṣèèṣì tẹ ibi tí ohùn á ti jáde síta. "Múyìwá, bàbá ẹ wà lọ́dọ̀ mi."

"Bàbá wo, Mà?"

Bàbá náà gbọ́ ọ. Ó dìde, ó gbé àpò ìrẹsì rẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ bá mi fún ìyá ọmọ," ó ní. "Mò ń padà sí Ọ̀fàdà." Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ ẹni tó rán mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí bàbá yìí bá lọ, wọ́n á sọ ọmọ náà lórúkọ lọ́la láìsí bàbá àgbà rẹ̀, orúkọ yẹn á sì máa jẹ́ ìjà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń pè é wá jẹun. Mo ní, "Ẹ dákun, Sà, ẹ jẹ́ kó bá yín níbí. Ẹ bínú lójú rẹ̀, ẹ má bínú lẹ́yìn rẹ̀." Ó wò mí, ó wo ọ̀nà, ó jókòó padà, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀lù náà.

Ọ̀kadà ló gbé Múyìwá dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, òwú wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn láya.

"O sin mí sí Ifo," bàbá rẹ̀ ní.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ta ni bàbá ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Sà. Àwọn tí a sin sí Ifo náà ni." Kò gbé orí sókè. "Bàbá, ẹ̀yin, bí mo bá fẹ́ gbóhùn yín, màá pè yín lórí fóònù. Àwọn ńkọ́? Níbo ni n ó pè wọ́n sí? Orúkọ ọmọ yìí nìkan ló kù tí mo lè fi pè wọ́n kí ẹnìkan sì dáhùn."

Mò ń sunkún, n kò purọ́ ekuru fún ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá náà ṣí fìlà, ó ń gbọn èèpo ìrẹsì kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá wa kú nígbà tí èmi gan-an ò tíì lè ro oko," ó ní níkẹyìn, bí ẹni ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló tọ́ mi. Èmi náà, Bàbá ni mò ń pè é." Ó de fìlà padà. "Dìde. O ti ba aṣọ ẹ jẹ́."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ lè fi ọ̀kan kún un? Ẹ kọ Babalọlá sí ìsàlẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé bí bàbá kan ti padà wá, òmíràn ò tíì lọ; òun náà sì jẹ́ ọlá fún ọmọ."

Mo tẹ orúkọ náà sínú ẹ̀rọ. Bí abẹ́rẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bàbá náà sún mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò ó títí. "Ẹ sọ fún un kó rọra," ó ní. "Mo fẹ́ rí i dáadáa." Mo dín eré ẹ̀rọ náà kù. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí lẹ́tà tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní ìdáhùn tó dára ju ojú bàbá yẹn lọ fún ọ̀dọ́ tó bá bi mí pé ṣé iṣẹ́ ni èyí.

Wọ́n ní dandan kí n wá síbi ìkómọ. Mo lọ. Àwọn èèyàn kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, oyin àti iyọ̀ wà nínú àwo. Bàbá náà gbé ọmọ sókè nínú ṣọ́ọ̀lù, ó pe Babátúndé, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, gbogbo ilé sì pè é tẹ̀ lé e. Ó wá dúró. Ó gbé ọmọ náà fún Múyìwá.

"Ìwọ ni kí o pe ìkejì," ó ní. "Ènìyàn kì í fẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀."

Múyìwá wo ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló wò.

"Babalọlá," ó pè.

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu ṣe àmín, bàbá náà ti dá a lóhùn: "Mo wà níbí."